Ṣé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ni yóò mú ọmọ mi mọ̀wé kà?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá tíṣà. Ọmọkùnrin mi ti wọ praimárì kẹrin ní ilé ìwé ìjọba, síbẹ̀ kò lè ka ojú ìwé kan já, ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí mo bá bi tíṣà rẹ̀, á ní kí n fara balẹ̀, pé ìjọba ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde, wọ́n ti dín iṣẹ́ kù, àwọn ọmọ á máa mọ̀wé báyìí. Àbúrò ọkọ mi ní tirẹ̀ ní Yorùbá tí à ń sọ nílé ló ba ọmọ náà jẹ́, pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi, kí n yáa ṣíwọ́ Yorùbá sísọ fún un. Èwo ni kí n mú nínú ọ̀rọ̀ wọn? Ṣé kí n sì ní kí wọ́n dá a padà sí kíláàsì kẹta?"

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ohun tó ń dùn yín yìí, ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń ṣe. Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ ní gbangba pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kan tó rọrùn tàbí kó ṣe ìṣirò kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, tí wọ́n wọ aṣọ ìwé, tí wọ́n gbé báàgì. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ọmọ yín ya olódo. Ṣùgbọ́n ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ẹ fara balẹ̀" tàn yín, torí pé láti praimárì kẹrin lọ ni gbogbo tíṣà ti máa ń gbà pé ọmọ ti mọ̀wé kà. Ìwé ni wọ́n á máa fi kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì, ìwé ni wọ́n á máa fi kọ́ ọ ní ìtàn. Ẹni tí kò bá lè kà á, gbogbo iṣẹ́ ló máa ṣú mọ́ ọn lójú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú ìwé yín: bí ọmọ ṣe ń mọ̀wé kà, èdè tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọ, àti ohun tí ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun lè ṣe. Tíṣà di ẹ̀kẹta mú, àbúrò ọkọ yín di èkejì mú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn méjì yòókù rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà praimárì, mo sì máa ń bá wọn lọ sí ilé ìwé tí wọ́n bá ti ń dánra wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní kíláàsì kẹta kan. Tíṣà kọ "Adé ra bàtà tuntun" sójú pátákó, gbogbo kíláàsì sì ń kà á bí ẹni ń kọrin, ohùn wọn gba gbogbo ọgbà. Ọmọkùnrin kan wà níwájú tí ohùn tirẹ̀ bo ti gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Mo ní kó wá fi ìka tọ́ka sí "bàtà" fún mi. Orí "tuntun" ló gbé ìka lé. Mo pa "bàtà" rẹ́, mo kọ "àdá" síbẹ̀, mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ kà. Ó gbójú sókè, ó wí ketekete pé, "Adé ra bàtà tuntun." Ọmọ náà kò ka ohunkóhun láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó há a sórí ni. Orí rẹ̀ pé dáadáa, òun ló tiẹ̀ jẹ́ kó lè há a. Kò kàn tíì sẹ́ni tó fi hàn án pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní ìró tirẹ̀, àti pé téèyàn bá so àwọn ìró náà mọ́ra, ọ̀rọ̀ ló máa jáde.

Ẹ lè dán irú rẹ̀ wò nílé lálẹ́ òní. Ẹ má ṣe gbé ìwé tó ń lò ní kíláàsì fún un, nítorí àwòrán inú rẹ̀ á máa ta á lólobó, ó sì lè ti mọ gbogbo ojú ìwé náà lórí. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó mọ̀ lẹ́nu àmọ́ tí kò bá pàdé nínú ìwé rí: ẹ̀lùbọ́, kóńgò, sítóòfù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ rárá, bíi "gbatu" tàbí "fẹdọ". Ọmọ tó bá lè ka "gbatu" ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó máa kàwé lójoojúmọ́ kó lè yára ló kù. Èyí tó bá ka "ẹ̀lùbọ́" tí "gbatu" wá le é lórí, ó ń fojú bu ọ̀rọ̀ ni. Èyí tí kò bá sì mọ̀ pé g àti b tó wà papọ̀ yẹn, ìró kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́, ìpìlẹ̀ ni kí wọ́n ti mú un. Mo ń sọ èyí nítorí pé irú ọmọ mẹ́ta yìí ló máa ń jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan, tíṣà á sì máa kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohun kan náà láti àárọ̀ dọ́sàn-án.

Yorùbá kíkà kò le fún ẹni tó bá gbọ́ ọ. Lẹ́tà 25 la ní, fáwẹ̀lì 7, kọ́ńsónáǹtì 18. Bí lẹ́tà kan bá ṣe dún nínú ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe dún nínú òmíràn, àyàfi n tó máa ń mú fáwẹ̀lì tó wà níwájú rẹ̀ ránmú, bíi nínú "ẹran". Ọmọ tó ti ń sọ èdè náà láti ilé, tí tíṣà rẹ̀ sì mọ iṣẹ́, yẹ kó ti máa so b mọ́ a, gb mọ́ ọ, kí praimárì kìíní tó parí. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà 26 ló ní, ṣùgbọ́n ìró tó lé ní 40 ni wọ́n di rù wọ́n. Ẹ wo o-u-g-h nínú "though", ẹ wò ó nínú "tough", ẹ tún wò ó nínú "through": ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń dún. Ọmọ àwọn Òyìnbó tó gbọ́ èdè náà látinú yàrá ìyá rẹ̀ gan-an ń lo ọdún mélòó kan kó tó bọ́ nínú rẹ̀.

Ìṣòro kejì tún wà tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí. Bí ọmọ yín bá so lẹ́tà pọ̀ tó sì pe "ilé", etí rẹ̀ á sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé òun ti gbà á, torí ó mọ ilé. Bó bá so lẹ́tà pọ̀ tó pe "hut", tó tiẹ̀ pè é bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́, kò sí ohun tó máa sọ fún un pé ó tọ̀nà, nítorí kò gbọ́ ọ rí. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú tíṣà. Ọmọ tó bá ti mọ́ lára láti máa wo ojú tíṣà dípò ojú ìwé, iṣẹ́ ńlá ni láti yí i padà.

Nítorí náà, ẹ má ṣíwọ́ Yorùbá sísọ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ìró di ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n ní Yorùbá kò tún ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo nígbà tó bá kan Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ nìkan ni wọ́n máa fi hàn án: c, q, v, x àti z tí a kò ní, sh tó jẹ́ ṣ tiwa, àti p. Mo máa ń tẹnu mọ́ p yìí, torí ọ̀pọ̀ tíṣà kì í rántí rẹ̀. P inú "pátákó" kò dún bíi p inú "pen". Kí tíṣà má sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, kó wá máa nà án nítorí pé ó ka "pen" bí Yorùbá, ìwà ìkà nìyẹn lójú mi. Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan: bí ẹ bá fi Yorùbá tó dán mọ́rán sílẹ̀ nílé, tí ẹ wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá yín lójú bá ọmọ sọ̀rọ̀, àlọ́ á tán, ìtàn á tán, àlàyé ọ̀rọ̀ á tán, á ku "come", "go" àti "sit down". Ọmọ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu kò lè bá ọ̀rọ̀ púpọ̀ pàdé nínú ìwé kó mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, àbúrò ọkọ yín kò parọ́ mọ́ ìjọba. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1977 ló ti sọ pé èdè agbègbè ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì yá, wọ́n là á kalẹ̀ pé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kó di gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní praimárì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà 2022 yẹn, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Mo bọ̀wọ̀ fún ipò o, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yẹn kò wọ̀ mí létí. Ọmọ tó bá wọ praimárì kìíní ní 2023 lábẹ́ ìlànà ọdún mẹ́fà, 2035 ló tó máa jókòó sí WAEC. Àwọn tó fìdí rẹmi ní 2024 àti 2025, abẹ́ èwo ni wọ́n ti kàwé? Ìlànà ọdún mẹ́ta tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an, ẹ wọ àwọn ilé ìwé aládàáni tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ béèrè èwo nínú wọn ló tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "vernacular" ni ẹ máa bá pàdé. Nílé ìwé ìjọba ńkọ́? Àdàlù ni. Tíṣà á ka Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé sókè, á fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀, ọmọ á dúró de ìtumọ̀. Kò ka Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ka Yorùbá, ẹnu tíṣà ló ń gbọ́. Bí wọ́n bá wá ní Yorùbá ni ọmọ yẹn fi kàwé tó fi fìdí rẹmi, ta ló fi Yorùbá kọ́ ọ rí?

Ibì kan tí wọ́n ti ṣe é bó ṣe yẹ wà, kò sì jìnnà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Ford Foundation sì fowó tì í lẹ́yìn. Gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì kan fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì wá tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Kíláàsì mìíràn tẹ̀ lé ètò tó wà nílẹ̀: Yorùbá ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Àwa tí a máa ń fi Ifẹ̀ yangàn máa ń sáré kọjá lórí ohun kan. Wọ́n jókòó kọ ìwé tuntun fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dìídì kọ́ àwọn tíṣà. Wọ́n ń padà lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Ẹni tó bá mú Yorùbá tó wà níbẹ̀ nìkan, tó fi ìwé sílẹ̀, tó fi tíṣà sílẹ̀, kò lè rí ohun tí Ifẹ̀ rí. Fafunwa fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò dé gbogbo ilé ìwé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣòfin ní 2018 pé dandan ni Yorùbá ní gbogbo ilé ìwé wọn, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ní Èkó, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Hausa lè wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ọmọ Ìjẹ̀bú, ìwé ìtàn Yorùbá tí ọmọ kékeré lè kà kò sì pọ̀ lọ́jà. Tíṣà mìíràn wà tó jẹ́ pé òun gan-an kò lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kó má ṣì í. Òbí tó sì fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ̀bi, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe Common Entrance, òun náà ni wọ́n fi ń wáṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé ọ̀nà Yorùbá ló yá jù láti fi dé ibi tí òbí yẹn ń lọ.

Ó wá ku ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí tíṣà fi ń dá yín lọ́kàn le. Ìjọba kéde rẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025/2026. Ohun tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni pé wọ́n dín iye iṣẹ́ kù: praimárì kìíní sí ẹ̀kẹta á máa ṣe iṣẹ́ 9 tàbí 10, praimárì kẹrin sí ẹ̀kẹfà á máa ṣe 10 sí 12. Ìtàn Nàìjíríà wà níbẹ̀, èdè Nàìjíríà kan sì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Èmi fara mọ́ ọn pé kí wọ́n dín iṣẹ́ kù. Orúkọ iṣẹ́ tó ti pọ̀ jù ni wọ́n ń dà lé ọmọ ọdún mẹ́fà lórí láti ìgbà pípẹ́, ọmọ á ní ìwé ìkọ̀wé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú báàgì, kò sì ní lè ka orúkọ tó wà lára èyíkéyìí nínú wọn.

Ṣùgbọ́n bébà ni ìlànà ẹ̀kọ́. Ilé ìwé tó gba ìlànà tuntun láìsí ìwé tuntun, láìsí ẹ̀kọ́ fún tíṣà, ó kun pátákó ara ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀dà ni, ọjà inú rẹ̀ ò tíì yí padà. Àjọ NERDC, tó ń ṣètò ìlànà ẹ̀kọ́ fún ìjọba àpapọ̀, á kọ ọ́ ní Àbújá. Ìpínlẹ̀ á pín in sí táàmù àti ọ̀sẹ̀. Tíṣà á wá sọ ọ́ di nóòtì ẹ̀kọ́. Mo ti rí nóòtì tí wọ́n kọ sí i pé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ọmọ á lè ka àyọkà náà já geere, ẹ̀dímáásítà ti fi bírò pupa fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ìwé tí àyọkà wà nínú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ ní gbogbo kíláàsì. Nóòtì ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Alábẹ̀wò tó bá dé, nóòtì àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ lòun náà máa béèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó pe ọmọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní, "Ka èyí fún mi."

Bí ẹ bá tún rò ó dáadáa, iye iṣẹ́ tó dín kù kò sọ pé wákàtí ìwé kíkà pọ̀ sí i. Iṣẹ́jú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yọ, kí ni wọ́n fi ṣe? Bí wọ́n bá tún fi ń kọ nóòtì sójú pátákó kí ọmọ máa dà á kọ, kò sí ohun tó yàtọ̀. Owó náà tún ń bẹ níbẹ̀. Òfin UBE ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó rí èyí tó tọ́ sí i gbà, ìpínlẹ̀ púpọ̀ ló sì máa ń fi falẹ̀.

Ohun tí mo ń wá nínú ìlànà èyíkéyìí ni gbólóhùn tí òbí lè fi mọ̀ bóyá ọmọ òun ti dé ibẹ̀. "Ọmọ á ní ìfẹ́ sí lítíréṣọ̀" kò wúlò fún yín, báwo lẹ ṣe máa wọn ìfẹ́? "Kí praimárì kìíní tó parí, ọmọ á lè ka ọ̀rọ̀ onísílébù méjì tí kò rí rí," èyí lẹ lè dán wò pẹ̀lú bébà àti bírò. Lẹ́yìn náà ni màá béèrè ẹni tó ń dán ọmọ wò níkọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún èyí tí kò bá dé ibẹ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ìlànà wa kì í sábà dáhùn.

Ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà dáhùn rẹ̀. Tálákà ni wọ́n láàárín àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì wà nípò 49 ní 2013 nínú ìdánwò ìwé kíkà tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń ṣe fún ọmọ kíláàsì kẹrin. Ní ọdún yẹn ni wọ́n ṣòfin pé ọmọ tí kò bá lè kàwé tó ìwọ̀n kan kò ní kúrò ní kíláàsì kẹta. Wọn ò dúró síbẹ̀ o. Wọ́n padà kọ́ àwọn tíṣà wọn ní bí ìró ṣe ń di ọ̀rọ̀, wọ́n rán àwọn olùkọ́ àgbà lọ sí ilé ìwé tó ṣe aláìní jù láti máa jókòó ti tíṣà ní kíláàsì, wọ́n sì ń yẹ ọmọ wò láti kékeré. Nígbà tó fi di 2024, wọ́n ti wà nípò 9. Ẹ má gbàgbé pé ọdún mọ́kànlá ló gbà wọ́n, àti pé àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ wọn kò tíì fò sókè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tún ń sọ pé dídá tí wọ́n ń dá àwọn tí kò mọ̀wé dúró ló gbé máàkì wọn ga. Mo gbà pé ó ní ohun tó fi kún un, ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé òun nìkan ni.

Ẹ̀yin ò lè dúró de ọdún mọ́kànlá. Nílé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má sì dín. Ẹ gé páálí, kí ẹ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i, gb kó wà lórí páálí kan ṣoṣo. Ẹ pe ìró lẹ́tà fún un, ẹ má pe orúkọ rẹ̀ nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ba, be, bẹ, bi, kí ó máa tò wọ́n fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kó so méjì pọ̀ di ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ lẹ́tà so pọ̀ ná, kí ẹ tó mú àmì ohùn wọlé, kó sì máa fi dò, re, mí gbọ́ ọ. Bó bá ń kàwé, kí ìka rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń kà. Bó bá dúró, ẹ má tètè já a gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ ní kó gé ọ̀rọ̀ náà sí sílébù. Ẹ ní kó máa kọ orúkọ àwọn tó bá jẹ yín lówó ẹ̀lùbọ́ sílẹ̀, kó sì máa kà wọ́n fún yín. Kò sí ọmọ tí kì í fẹ́ mọ ẹni tó jẹ ìyá òun lówó.

Nílé ìwé, ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ pe àwọn òbí mìíràn mọ́ra, kí ẹ gbé e lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tí Yorùbá wà nínú tàìmù-tébù, iye ìwé kíkà tó wà ní kíláàsì, àti ìgbà tí wọ́n máa ń gbọ́ ìwé lẹ́nu ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, torí tíṣà yẹn náà wà nínú ìyà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má kọ́ òun gan-an ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ohun tí màá fẹ́ kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún jù ni ọ̀nà tí àjọ Pratham ní Íńdíà sọ di mímọ̀: fún bíi wákàtí kan lójúmọ́, kí wọ́n da àwọn ọmọ praimárì kẹta sí ẹ̀karùn-ún pọ̀, kí wọ́n tún wọn pín gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà, láìwo kíláàsì. Àwọn tí kò mọ lẹ́tà á wà lọ́dọ̀ tíṣà kan, àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ gbólóhùn á wà lọ́dọ̀ òmíràn. Kò gba ìwé àṣẹ láti Àbújá, ẹ̀dímáásítà tó bá fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Mi ò rí ọmọ yín, nítorí náà ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò ní ọsibítù kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ọmọ tí kò rí pátákó kedere kò ní sọ fún yín, ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń rí i nìyẹn. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ojú wọn mọ́lẹ̀, tí etí wọn là, tí orí wọn pé, síbẹ̀ tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ wọn lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá fi odindi táàmù kan ṣe ohun tí mo sọ yìí lójoojúmọ́, tí "ba" àti "da" ṣì ń pọ̀ mọ́ ara wọn, ó tó kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú ní yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá sún mọ́ yín.

Ní ti dídá a padà sí kíláàsì kẹta, ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀dímáásítà léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe fún un níbẹ̀ tí wọn ò ṣe lọ́jọ́sí. Bó bá jẹ́ tíṣà kan náà ni, pátákó kan náà, "Adé ra bàtà tuntun" kan náà, ìtìjú nìkan ni wọ́n máa fi kún un, ẹ jẹ́ kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí tíṣà kíláàsì kẹta bá jẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìró lẹ́tà, tó sì gbà láti máa jókòó tì í, ẹ dá a padà, kí ẹ sì ṣàlàyé fún ọmọ náà fúnra yín kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.